Sọ́jà Kan Láti Emùré-Ilé: Ìtàn Ogun Bọ́mà fún Àwa Tí A Ń Gbé Felele

Àwọn baba wa máa ń wí pé ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Hitler dé, kì í ṣe akíkanjú nìkan ni ogun náà kó lọ. Ó kó àgbẹ̀ lóko, ó kó alágbàro, ó kó ọmọ ilé ìwé tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò padà wálé. Nínú àwọn tí ó sì padà wá, díẹ̀ ni ó jókòó láti ròyìn ohun tí ojú wọn rí, èyí tí ó kọ ọ́ sínú ìwé kò tó nǹkan rárá.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Felele ṣe ibùgbé, a kí yín kú ìnáwó, a kí yín kú àpéjọ ọjọ́ òní. Bí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ yìí, ó tọ́ kí àwòrán àwọn ọlọ́lá wà nínú ìwé ìrántí wa, ó sì tọ́ kí ìkíni kú oríire pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ní kí a ya ojú ìwé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtàn mẹ̀kúnnù kan. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe olóṣèlú, kì í ṣe ọ̀gágun. Sọ́jà lásán ni, ọmọ Yorùbá bí tiwa. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ó di àlejò ní ilẹ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni, àlejò tí kò lówó, tí kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi rìn, síbẹ̀ onílé gbà á. Àwa tí a ń gbé ìlú tí kì í ṣe ti baba wa, ìtàn náà bá wa wí.

LỌ́KỌ́JA, ÌLÚ SỌ́JÀ

Kí a tó dé ilẹ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo abẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìlú tí a ń gbé yìí, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ìlú sọ́jà ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìjọba Òyìnbó. Ní 1897 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n pè ní West African Frontier Force. Lugard ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, Lọ́kọ́ja níbí sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàgọ́ fún iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, Lọ́kọ́ja kan náà ni wọ́n ti sọ àsíá ilé iṣẹ́ Royal Niger Company kalẹ̀, tí wọ́n sì ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Sọ́jà dúdú ni ó tò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ológun kò ti kúrò ní ìlú yìí. Òkúta ìrántí àwọn tí ó kú ní ogun àgbáyé wà ní àárín Lọ́kọ́ja títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà láìyà wò ó. Ọ́fíìsì tí ilé iṣẹ́ ológun Nàìjíríà ń kó ìwé orúkọ àwọn sọ́jà rẹ̀ pamọ́ sí, Lọ́kọ́ja náà ni ó wà. Bárékè ìlú yìí sì ń jẹ́ Chari Maigumeri, orúkọ sọ́jà kan tí ó kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn Jámánì ní Kamẹrúùnù nígbà ogun àgbáyé kìíní, tí ó tún wá di ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì sìn títí ó fi di sájẹ́ńtì méjọ̀. Kò di ọ̀gágun rí. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà bárékè.

Àwọn mìíràn tí wọ́n jọ jagun ńkọ́? Ibo ni orúkọ tiwọn wà? Ìbéèrè yìí ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ ọmọ Emùré-Ilé.

OGUN BỌ́MÀ

Ní ìparí ọdún 1941 ni Jàpáánì wọ inú ogun náà. Kí ọdún 1942 tó dé àárín, wọ́n ti gba Bọ́mà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Myanmar lónìí, lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti dé bodè Íńdíà. Gẹ̀ẹ́sì wá sọ́mọ ogun káàkiri ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso. Láti Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sàró àti Gáḿbíà, wọ́n kó ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì jọ, ti 81 àti ti 82. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí ìhà ibẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì ju ìdajì wọn lọ. Àmì tí àwọn ẹgbẹ́ ogun 81 ń lẹ̀ mọ́ apá aṣọ wọn ni aláǹtakùn dúdú, nítorí ìtàn aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n tí àwọn ará Gold Coast máa ń pa.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ìbọn nìkan ni sọ́jà ń gbé, kò tíì gbọ́ nípa àfonífojì odò Kaladan. Igbó ibẹ̀ ki, òkè rẹ̀ ga, ọkọ̀ kò lè gbà á. Àwọn sọ́jà wa ni ó fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà jíìpù tí ó lé ní máìlì 70 láàrin àwọn òkè náà. Níbi tí ọ̀nà jíìpù pin sí, orí ni wọ́n fi ru ẹrù. Wọ́n ní ẹgbẹ́ sọ́jà aláàárù pàtàkì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ru ọta ìbọn, oúnjẹ àti àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Láti òkè ni bàálù ti ń ju oúnjẹ sí wọn. Bí ojú ọjọ́ bá burú tí bàálù kò sì wá, ebi ni.

Ẹ sì má gbàgbé bí ètò ìgbà náà ti rí. Òyìnbó ni ọ̀gá, aláwọ̀ dúdú ni ọmọ ẹ̀yìn. Owó tí sọ́jà dúdú ń gbà kéré sí ti sọ́jà funfun tí wọ́n jọ wà nínú ogun kan náà. Ó di 1942 kí ọmọ Áfíríkà kan, Seth Anthony láti Gold Coast, tó di ọ̀gá tí ó ní ìwé àṣẹ ọba nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa yìí. Gbogbo àwọn yòókù, bí wọ́n ti lè gbọ́n tó, abẹ́ ni wọ́n wà.

ỌMỌ ỌDÚN MẸ́RÌNDÍNLÓGÚN

Emùré-Ilé kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwa ará Felele mọ ọ̀nà náà dáadáa: bí a bá gba Kàbà, tí a kọjá Ìkàrẹ́, Ọ̀wọ̀ ni a ń kàn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Isaac Fadoyebo sí ní 1925. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ọmọ mẹ̀kúnnù lè kà á dé nígbà náà. Ní oṣù kìíní 1942, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó gba Abẹ́òkúta lọ, ó sì forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sọ́jà. Kò bèèrè lọ́wọ́ bàbá, kò sọ fún ìyá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà pé òun kò fojú inú wo ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Kí a má ṣe tètè dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ ọwọ́ òṣèlú kò sí, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò tó nǹkan, owó kòkó sì ti wálẹ̀. Aṣọ sọ́jà dára lójú ọ̀dọ́, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ayé pé Hitler ni ọ̀tá aláwọ̀ dúdú. Àwa náà tí a kúrò nílé wá sí Lọ́kọ́ja, mélòó nínú wa ni ó jókòó gba àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo ẹbí kí ó tó gbéra? Ọ̀dọ́ ní í rìn, àgbà ní í ronú ohun tí ó wà lẹ́yìn ìrìn.

Nítorí pé ó mọ̀wé, ẹ̀ka ìtọ́jú ni wọ́n fi í sí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́ ọ: bí a ṣe ń wẹ ọgbẹ́, bí a ṣe ń di í, bí a ṣe ń gbé ẹni tí ìbọn bà. Kì í ṣe pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà sí ojú ogun o. Ibi tí sọ́jà ẹlẹ́sẹ̀ bá dé ni òun náà ń dé, nítorí ibẹ̀ ni ọgbẹ́ wà. Ní 1943 wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀lé ẹgbẹ́ ogun 81 wọ àfonífojì Kaladan.

ÒWÚRỌ̀ ỌJỌ́ KAN NÍ ETÍ ODÒ

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta 1944, ẹ̀ka ìtọ́jú náà wà ní etí odò Kaladan, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Nyron. Igi ọparun tí wọ́n so pọ̀ ni wọ́n fi ń léfòó lọ sí ìsàlẹ̀ odò, láti lọ bá àwọn sọ́jà tí ó wà níwájú. Òwúrọ̀ ni. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun Jàpáánì ti lúgọ sínú igbó. Lójijì ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ro.

Ọta bá Isaac ní itan ọ̀tún, ó fọ́ egungun itan náà. Òmíràn bá a ní ara. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ti kú, Òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Àwọn tí ẹsẹ̀ gbé ti sá. Àwọn ará Jàpáánì jáde wá, wọ́n kó ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì fi àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n kú fúnra wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tí ọgbẹ́ wọn pọ̀ ń kú tán.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Isaac nígbà náà. Òun tí ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọgbẹ́ kò ní oògùn, kò ní aṣọ ìdíọgbẹ́, kò lè dìde. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù tì í nígbẹ̀yìn: David Kargbo, ọmọ Sàró, tí òun náà fara gbọgbẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ṣì lè rìn díẹ̀. Yorùbá kan, ọmọ Sàró kan, nínú igbó Bọ́mà.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ burú sí i ni pé kò sí ẹni tí ó lè padà wá gbé wọn. Ní oṣù kẹta yẹn kan náà, àwọn Jàpáánì kọlu ẹgbẹ́ ogun 81 gidigidi, wọ́n sì tì wọ́n padà kúrò ní àfonífojì náà. Gbogbo ilẹ̀ tí Isaac àti Kargbo dùbúlẹ̀ sí di ti ọ̀tá. Bí ènìyàn bá gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ bí oníṣòwò, kò sí ohun tí ó kù ju ikú lọ.

SHUYIMAN

Níbí ni ìtàn náà ti yí padà, kì í sì í ṣe ìbọn ni ó yí i padà. Àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí rí wọn. Àwọn abúlé náà, àgbẹ̀ ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọn kò rí aláwọ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ rí, wọn kò gbọ́ èdè wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé omi wá, wọ́n gbé ìrẹsì wá. Wọ́n ṣe àtíbàbà lé wọn lórí nínú igbó kí òjò má pa wọ́n.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí wọ́n fi lè ṣe é, kí a má rò pé iṣẹ́ ìyanu lásán ni. Ní ilẹ̀ Arakan yẹn, ogun ti pín àwọn aládùúgbò sí méjì láti 1942. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ibẹ̀ rò pé Jàpáánì yóò fún wọn ní òmìnira, àwọn Mùsùlùmí púpọ̀ sì dúró ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti pa ara wọn, wọ́n ti sun ilé ara wọn. Nítorí náà ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn sọ́jà wa jẹ́ lójú àwọn abúlé yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a ṣojú rere sí ẹnì kan, ọ̀tọ̀ ni kí a gbé e pamọ́ nígbà tí ọ̀tá ń rìn kiri. Bí àwọn Jàpáánì bá rí sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé ènìyàn, onílé, ìyàwó àti ọmọ lè bá a lọ.

Ọkùnrin kan wà láàrin wọn tí ń jẹ́ Shuyiman. Àgbẹ̀ ni, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Nígbà tí àwọn mìíràn ń wá tí wọ́n sì ń dẹ́kun láti wá, òun ni kò dẹ́kun. Nígbẹ̀yìn, ó kó Isaac àti Kargbo kúrò nínú igbó, ó mú wọn wọ ilé ara rẹ̀, ó sì fi wọ́n pamọ́ síbẹ̀. Oúnjẹ tí kò tó ìdílé rẹ̀ ni ó ń bá wọn pín. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn ọmọ Áfíríkà méjì yìí fi wà lẹ́yìn odi ọ̀tá, láti oṣù kẹta dé oṣù kejìlá 1944. Egungun itan Isaac ń so pọ̀ fúnra rẹ̀ láìsí dókítà, ó sì so ní ọ̀nà tí kò tọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ dákẹ́ kí ẹ rò ó. Oṣù mẹ́sàn-án ni oyún ń gbé nínú kí a tó bí i. Iye ìgbà yẹn ni ọmọ Yorùbá kan fi wà nínú ilé ẹni tí kò bá a tan, tí kò bá a sọ èdè kan náà, tí kò sì retí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni Isaac ní tí yóò fi san án? Kò ní nǹkan kan. Kí ni Shuyiman ní tí ó lè pàdánù? Ohun gbogbo.

Ní oṣù kejìlá, ẹgbẹ́ ogun 81 tún ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ní àfonífojì náà. Àwọn sọ́jà Gurkha dé abúlé, wọ́n sì rí àwọn méjèèjì. Ìdùnnú náà pọ̀ ju ohun tí a lè kọ lọ. Ní oṣù kìíní 1945, àwọn ọmọ ogun wa gba ìlú Myohaung lọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹni tí ó bá ti kọjá ní Yábàá ní Èkó tí ó rí bárékè Myohaung, tàbí tí ó ti gba Mọ́kọ́lá n'Ibàdàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè Letmauk, kí ó mọ̀ pé orúkọ ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Bọ́mà ni àwọn orúkọ náà.

ÌPADÀBỌ̀

Wọ́n tọ́jú Isaac ní ilé ìwòsàn ológun, wọ́n sì dá a padà sí Nàìjíríà ní 1945. Ó ń tiro. Ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, ó sì bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé ọjọ́ ikú.

Àwọn tí ó padà láti Bọ́mà ti rò pé ìjọba yóò ṣe ìtọ́jú wọn. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣèlérí, owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n retí. Ọ̀pọ̀ kò rí èyí tí ó tó. Ní Accra, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì 1948, àwọn sọ́jà àtijọ́ kó ara wọn jọ láti mú ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá gómìnà, ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn, mẹ́ta nínú wọn sì kú. Àwọn tí ìbọn Jàpáánì kò pa, ìbọn ìjọba tí wọ́n sìn ni ó pa wọ́n nítòsí ilé.

Isaac rí ọ̀nà tirẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó fẹ̀yìn tì. Láti ibí yìí lọ, a ó máa pè wọ́n ní Bàbá Fadoyebo, nítorí wọ́n dàgbà dé ibi tí ẹnu ọmọdé kò gbọdọ̀ já orúkọ wọn lásán. Ohun tí Bàbá ṣe tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn kò ṣe ni pé wọ́n mú bírò, wọ́n sì kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ní 1999, yunifásítì kan ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé kékeré ni. Ṣùgbọ́n nínú àìmọye ìwé tí àwọn ọ̀gágun Òyìnbó kọ nípa ogun Bọ́mà, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí èyí tí ọmọ Áfíríkà tí kì í ṣe ọ̀gá kọ. Nítorí èyí ni a ṣe mọ Nyron. Nítorí èyí ni orúkọ Shuyiman fi dé Felele lónìí.

LẸ́TÀ KAN

Ní 2011, oníròyìn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Barnaby Phillips, tí ń ṣiṣẹ́ fún Al Jazeera nígbà náà, wá bá Bàbá Fadoyebo. Ó ti ka ìtàn wọn. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kò sì lè rin ìrìn àjò náà mọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n fi rán oníròyìn yìí sí ìdílé Shuyiman.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni ó ti kọjá. Bàbá ti rí òmìnira Nàìjíríà, wọ́n ti rí ogun abẹ́lé, wọ́n ti rí oríṣiríṣi ìjọba. Nínú ohun gbogbo tí ogun fún wọn, ẹsẹ̀ tí ó kúrú, àmì ẹ̀yẹ, àlá òru, ohun tí ó kù tí wọ́n fẹ́ parí kí wọ́n tó lọ ni pé kí wọ́n dúpẹ́. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bàbá kò fẹ́ kú ní ọlọ́ṣà.

Phillips dé Bọ́mà. Ó rí abúlé, ó rí ìdílé náà. Shuyiman ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì gbàgbé àwọn aláwọ̀ dúdú méjì tí ó gbé ilé wọn nígbà ogun. Wọ́n ka lẹ́tà náà sí wọn létí. Wọ́n fi ìrìn àjò náà ṣe fíìmù ní ọdún yẹn, ó sì di ìwé ní 2014. Bàbá Fadoyebo ti papòdà ní oṣù kọkànlá 2012.

Ohun kan kù tí ó dun ni. Ẹ̀yà Mùsùlùmí Arakan, tí ayé ń pè ní Rohingya, òfin ilẹ̀ Bọ́mà ti 1982 kò kà wọ́n sí ọmọ onílẹ̀ mọ́. Ní 2017, àwọn ológun ilẹ̀ náà sun abúlé wọn, ènìyàn tí ó lé ní 700,000 sì sá lọ sí Bangladesh láàrin oṣù díẹ̀. Àwọn tí baba wọn gba àlejò ti di àlejò tí ń wá ẹni tí yóò gbà wọ́n. Onílé àná lè di aláìnílé lọ́la. Ẹni tí ó bá ń fi ilẹ̀ ṣe fáàrí, kí ó rántí.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ Ń BI WÁ

A kò kọ ìtàn yìí láti yin ogun. Bí a bá bi wá pé kí ni ó gba ọmọ Emùré-Ilé là, a kò lè sọ pé ìbọn ni. Sọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dúró tì í ni, àti onílé tí ó ṣí ilẹ̀kùn. Èyí sì kan àwa tí a ń gbé Felele tààrà.

Láti 1991 tí Lọ́kọ́ja ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ Kogí, Felele ti ń gbòòrò sí i. Ilé ẹ̀kọ́ gíga dé, ọ̀nà Àbújá kún fún ọjà àti ilé tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wa wá ṣiṣẹ́, wá ṣòwò, wá kàwé, a sì kọ́lé. Ilẹ̀ tí a kọ́lé sí, ẹnì kan ni ó fi fún wa. Nígbà tí a dé, ẹnì kan ni ó fi yàrá hàn wá, ẹnì kan ni ó kọ́ wa ní bí a ṣe ń kí ara ní ìlú yìí. Ó tọ́ kí á máa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí a lè ran ara wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò mọ onílé rẹ̀, tí kì í bá wọn yọ̀, tí kì í bá wọn sọkún, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ ohun tí Shuyiman ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹgbẹ́ tí ó bá rí àlejò tuntun, ì báà jẹ́ Nupe, Ìgálà, Ebira, Haúsá, Ìgbò tàbí ẹni tí omi lé kúrò nílé, tí ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀bẹ̀ kejì ni ti orúkọ. Àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá láyé. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn wà, ọmọ ọmọ wọn wà láàrin wa. Àwọn tí ó sì tẹ̀lé wọn ṣì wà: àwọn tí ó lọ sí Kóńgò láàrin 1960 àti 1964, àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé láti 1967 dé 1970, àwọn tí ó lọ sí Làìbéríà láti 1990. Lọ́kọ́ja ni ọ̀pọ̀ sọ́jà ti máa ń wá nítorí ìwé wọn, ilé wa sì ni àwọn mìíràn máa ń sùn sí. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni ẹ lọ, ta ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ta ni ó fún yín lómi mu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i, kí ẹ kọ orúkọ ìlú rẹ̀. Bí ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa bá ní ojú ewé fún ẹni tí ó dáwó, kí ó ní ojú ewé kan fún ẹni tí ó jagun, àti òmíràn fún onílé tí ó kọ́kọ́ gbà wá.

Ìwé ìjọba yóò máa kó nọ́ńbà sọ́jà pamọ́. Ìtàn rẹ̀ wà lọ́wọ́ tiwa. Bàbá Fadoyebo kọ tiwọn pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, nítorí náà Bọ́mà kò lè gbé wọn mì. Àwọn tí kò mọ̀wé kọ ń retí wa.

Kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn sọ́jà wa tí ó ti lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó bùkún gbogbo onílé tí ó ń gba àlejò. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Níwọ̀n ìgbà tí a bá sì wà ní àjò, kí Ọlọ́run jẹ́ kí a pàdé onílé rere, kí àwa náà sì jẹ́ onílé rere fún ẹlòmíràn. Àṣẹ.